Àkànní Tó Rí Òkè ní Apapa

Ọ̀rọ̀ ìdágbére láti ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àṣàkẹ́

Yéè, Àkànní o! Ó dìgbà, ó di ká máa wo òrùlé kí ojú ó ṣófo. Làmídì Àkànní, ọmọ Ìsẹ́yìn, ọmọ Ẹbẹdí tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ̀ tí ohùn rẹ̀ ń la omi kọjá, ṣé bó o ṣe máa lọ nìyí? Ikú rẹ dùn mí wọ egungun. Àmọ́ ohun tí àwọn alààyè ṣe lẹ́yìn rẹ tún dùn mí jù ú lọ, torí ikú ò bá mi jẹun pọ̀ rí.

Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ dídùn sínú ìwé yìí. Ó ní kí n kọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọ́, kí n kí àwọn àlejò, kí n sì pa ẹnu dé. Ẹ̀yin àlejò wa, ẹ káàbọ̀ síbi fídáù àbúrò mi. Mo ti kí yín. Ìrẹsì wà lẹ́yìn ilé. Àkànní, wá ká sọ̀rọ̀ tiwa.

Wọ́n ti gé òpó rẹ. Iyẹ̀pẹ̀ sàréè rẹ ò tíì gbẹ tí Bọ̀dá fi mú wẹ́dà wá, tí wọ́n gé òpó irin tí áńtẹ́nà rédíò rẹ wà lórí ẹ̀ mọ́lẹ̀ gbì. Ó ní irin yẹn ló ń fẹ́ àrùn sí ọ lára títí tó fi pa ọ́. Ó ní ojú á ti ìdílé bí àwọn Alhaji bá dé tí wọ́n bá a lórí ilé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà sọ. Irin wo ló ń fún èèyàn ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Bó bá jẹ́ ìwà ẹ̀gbọ́n ẹni ni, mo gbà.

Bẹ́ẹ̀ àṣà kan wà láàárín ẹ̀yin onírédíò tẹ́ ẹ ń bá ara yín sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, ìwọ lo sọ ọ́ fún mi. Bí ọ̀kan nínú yín bá kú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á pè é lórí afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á sì dúró lẹ́yìn ìpè kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí ẹni tó jẹ́, á kéde pé onítọ̀hún ti dákẹ́, ó tán. Bàbá Ìdòwú, ọ̀rẹ́ rẹ ní Snake Island lódìkejì omi, fẹ́ pè ọ́ lónìí lẹ́yìn ìrun alásárì. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá náà bẹ̀ mí ni pé kí ìpè yẹn dún ní Ajégúnlẹ̀, lórí rédíò tìrẹ gan-an, kó má lọ jẹ́ pé omi lòun ń bá sọ̀rọ̀. Níbo ni ìpè náà á gbà wọlé nígbà tí kò sí òpó mọ́? Ohun tí mo ń torí ẹ̀ bínú nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mo le jù, ẹ ti gbọ́ báyìí.

Ṣó o rántí ìgbà tó o gba láísẹ́ǹsì? Ìjọba fún ọ ní orúkọ orí afẹ́fẹ́, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ìwọ nìkan ń jẹ́, o wá ń yan kiri bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ni àdúgbò bá dìde. Wọ́n ní amí ni ọ́. Wọ́n ní àwọn ajínigbé lò ń bá sọ̀rọ̀. Màmá Ebi, ará Bayelsa tó nilé tó kàn wá, á dúró sẹ́nu géètì rẹ̀ á figbe ta: "Akanni! Na your radio dey scatter my TV!" Ìwọ kì í fèsì. O máa ń ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀." Èmi kì í fi wọ́n sílẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń fèsì fún ọ. Bí tíṣà bá pe orúkọ rẹ ní kíláàsì tí o ò tíì dé, èmi tí mo wà ní kíláàsì tó kàn tiyín ni mo máa ń yọrí lójú fèrèsé jẹ́ ẹ. Ẹnu mi ò dákẹ́ rí, kò sì sẹ́ni tí mo yá a lọ́wọ́ rẹ̀.

Láràárọ̀, bó o bá ti kírun sùbúhì tán, wàá pe Bàbá Ìdòwú. Lọ́jọ́ mìíràn, á jẹ́ ketekete. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, kẹ́kẹ́ á pa. Ẹlòmíràn ì bá ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ìwọ ṣí kọ̀ǹpútà, o wá ẹ̀rọ kan kàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ ibi tí ohùn rédíò máa dé kéèyàn tó sọ̀rọ̀ rárá. Wàá fi àmì sórí ilé wa nínú máàpù, wàá kọ bí áńtẹ́nà ṣe ga tó, bí agbára rédíò ṣe tó, ẹ̀rọ náà á sì kun máàpù. Ibi tó bá kùn ní àwọ̀ ewé, ohùn dé ibẹ̀. Ibi tó bá pupa, ó ku díẹ̀ káàtó. Ibi tí kò bá kùn rárá, kí wọ́n máa sùn lọ.

Apá ibi tí Bàbá Ìdòwú ń gbé ò kùn. O ní kí ẹ̀rọ náà fi bí ilẹ̀ ṣe rí láàárín yín hàn ọ́, ló bá yàwòrán òkè kan sí Apapa, òkè gìdìgbà! Èmi ọmọ òkè Ẹbẹdí, mo mọ òkè. Apapa tí òjò kékeré ń sọ di odò, níbo lòkè ti fẹ́ wá? Bọ̀dá rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí ẹ̀. Ó ní, "Làmídì, gbé òkè yẹn wálé ká fi kún ogún Bàbá."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, o ní ká lọ sí ọ́fíìsì rẹ ní Warehouse Road, níbi tó o ti ń bá àwọn oníbàárà kó ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù. A gun orí òrùlé. Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo ń bú ọ. O kọjú sí pọ́ọ̀tù, àfi bó o ṣe lọgun: "Ẹ̀gbọ́n mi, kọ̀ńténà ni!" Kọ̀ńténà tí wọ́n tò lérí ara wọn ni ohun tó ń ya àwòrán ilẹ̀ láti ojú ọ̀run rí tó pè lókè. Ọjọ́ tí wọ́n bá tò ó ga, Bàbá Ìdòwú kì í gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí ọkọ̀ òkun bá kó o lọ, ohùn á já gaara. O ní máàpù náà ò parọ́, ó kàn ti pẹ́ tó ti wo Apapa ni.

Torí òkè tó ń ṣípò kiri yẹn lo ṣe gbé òpó rẹ ga. O ń fi gíga sí gíga dán an wò nínú ẹ̀rọ náà títí Snake Island fi kùn tán, kó tó di pé o pe wẹ́dà kó so páìpù mọ́ páìpù. Ohun tí wọ́n gé lulẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n sì ń pè ní pàǹtí. Bọ̀dá, ẹ ò gun orí òrùlé kankan rí.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà rẹ. O ti fi tipátipá kọ́ mi. Mo fi àmì sórí báákónì wa, Snake Island ò kùn. Mo sún àmì náà síbí, mo sún un sọ́hùn-ún, àfi orí táǹkì omi Màmá Ebi ló gbà. Mo gbájá mọ́dìí, mo múra ìjà, mo kan géètì rẹ̀. Mo ní orí táǹkì rẹ̀ ni áńtẹ́nà rẹ máa wà. Obìnrin náà wò mí, ó ní: "Carry am put. Who go scatter my TV now?" Ló bá bú sẹ́kún, èmi náà bú sẹ́kún, ìjà ò ṣeé jà mọ́. Nígbà tá a gbé áńtẹ́nà síbẹ̀ tá a dán an wò, mo gbọ́ Bàbá Ìdòwú tó ń wúkọ́.

Nítorí náà, bí alásárì bá tó, ẹ má wá mi lábẹ́ kánópì. Ilé Màmá Ebi ni màá wà, rédíò rẹ á wà lẹ́sẹ̀ mi. Ẹni tó bá sì mú ayùn dé ìdí táǹkì yẹn, kó kọ́kọ́ dágbére fún àwọn ará ilé ẹ̀.

Bàbá náà á pè ọ́. Mo mọ bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ jẹ́ ìpè, ó wà níbi tí àtàǹpàkò ń gbé. Á pè ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, á dúró. Á pè ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Àkànní, nílé ayé yìí, gbogbo ìgbà tí wọ́n pè ọ́ tí o ò sí níbẹ̀, èmi ni mo jẹ́ ẹ fún ọ. Ti òní, mi ò ní jẹ́ ẹ. Màá gbé ọwọ́ mi lé itan, màá pa ẹnu mi mọ́ títí bàbá á fi sọ pé o ti dákẹ́.

Sùn re o, àbúrò mi.