Bọ́sárì Fún Ọmọ, Kì Í Ṣe Fún Ìyàwó

Ní àárín àwọn ọdún 1990, kí n tó di oníròyìn, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìpínlẹ̀ wa ní yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀. Bọ́sárì là ń jà fún, owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi ń ran ọmọ bíbí ibẹ̀ lọ́wọ́ láti san owó ilé-ìwé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti san án kẹ́yìn.

Nígbà tí ìjọba gbà láti san án, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ orúkọ wá. Èmi ni mo kọ ọ́. Ó kan Àǹtí Bísí, ọmọ Ìpetumodù, tó ń retí owó náà kó lè jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá. Abilékọ ni, ó sì jù mí lọ. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo kọ “Ìyáàfin”, mo sì fi orúkọ ọkọ rẹ̀ tì í. Ará ìpínlẹ̀ mìíràn lọkọ.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò orúkọ, ọ̀gá tó wá láti ọ́fíìsì ìjọba gbójú sókè.

“Màdáàmù, ẹ lọ sí ìpínlẹ̀ ọkọ yín.”

“Mo ti débẹ̀, sà. Wọ́n ní ìyàwó ni mí, n kì í ṣe ọmọ.”

“Ẹ ti relé ọkọ, àbí?”

“Bàbá mi ṣì ń san owó-orí fún yín. Ṣé ẹ ti ní kó má san án mọ́ torí pé ó fọmọ fọ́kọ ni?”

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn: “Ọ̀gá, ìyàwó tiyín ńkọ́? Ọmọ ibo lòun?”

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò buwọ́ lùwé. Gbogbo wa bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀: bí wọn ò bá san tirẹ̀, kí wọ́n má san tẹnikẹ́ni.

Nígbà tí oòrùn yí, ọ̀gá náà gbà pé ìlú bàbá ni wọn yóò máa wò, ṣùgbọ́n ó di ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé orúkọ tọdún yìí, kò ṣeé yí padà mọ́.

Àǹtí Bísí ló kọ́kọ́ dìde. “Ẹ dìde, ẹ gba tiyín. Ebi ò ní tìtorí mi pa yín.” Ó yíjú sí mi: “Akọ̀wé, ta ló ní kó o bọ̀wọ̀ fún mi?”

Wọ́n ní ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Èmi ni mo bí i, òun ló pọ̀n ọ́n. Kò ṣe ìdánwò lọ́dún náà.

Àwọn abilékọ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ gba bọ́sárì láìsí ẹni tó bi wọ́n léèrè ọkọ. Wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Àwa tí a jókòó nítorí rẹ̀ tò padà sórí ìlà, a sì gba tiwa. Èmi ni ẹnì kẹta.