Ẹni Tó Ń Kí Ìyá Mi Kú Iṣẹ́ Láti Bùràsíìlì

Bí mo bá gba Igbógìlà kọjá, tí òórùn ẹ̀gẹ́ rírin tó ti kan nínú àpò gba ojú fèrèsé ọkọ̀ wọlé, ìyá mi ni mo máa ń rí. Màá rí i lórí àpótí lábẹ́ àtíbàbà ẹ̀yìn ilé wa, agbada gààrí níwájú rẹ̀, àfọ́kù igbá tó fi ń yí i lọ́wọ́ ọ̀tún, èéfín ń ta á lójú, kò sì ní torí ìyẹn dákẹ́ ọ̀rọ̀. Ìyá mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ jù. Bó bá sì rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni yẹn ì báà jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, yóò kí i kú iṣẹ́ ni.

Mo ti ń ṣe olùkọ́ ní Ayétòrò nígbà náà, òpin ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń wálé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo jókòó tì í, mò ń wo fídíò lórí fóònù mi, ni mo bá rí obìnrin àgbàlagbà kan nídìí agbada ńlá, tó ń fi igi gígùn kan yí ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo gbé fóònù sún mọ́ ìyá mi.

“Ta nìyí? Ṣé àwọn ará Pọ́bẹ̀ lẹ́yìn ẹnubodè ni?”

“Ará Bùràsíìlì ni, Màmá. Ẹ̀gẹ́ lòun náà ń yan.”

Ó wò ó bí èèyàn ṣe ń wo aládùúgbò tuntun, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Ó wá ń retí èsì. Fídíò tán, obìnrin náà kò dáhùn, ìyá mi fajú ro. Mo ṣàlàyé pé ọ̀nà jìn, pé kò gbọ́ wa, kò sì gbọ́ Yorùbá.

“Ó gbọ́ ẹ̀gẹ́, kò wá gbọ́ ìkíni? Bá mi kí i, kó sì dá mi lóhùn. Èmi ò lè máa wo èèyàn níbi iṣẹ́ kí n má kí i.”

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí, ṣùgbọ́n mo wo abẹ́ àtíbàbà yẹn, ẹ̀rín náà lọ. Obìnrin mẹ́rin ló máa ń yan gààrí níbẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọmọ ti mú òmíràn lọ sí Èkó, ikú ti mú òmíràn lọ. Òun nìkan ló kù, kò sì sẹ́ni tí yóò kí kú iṣẹ́ mọ́ kí onítọ̀hún dá a lóhùn láti ìdí agbada.

Mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo jẹ́ kí fóònù bá mi túmọ̀ rẹ̀ sí Potogí, èdè wọn lọ́hùn-ún, mo sì fi ránṣẹ́ sí obìnrin náà níbi tó gbé fídíò rẹ̀ sí. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti pè mí, kò ní béèrè àlàáfíà mi tán kó tó ní, “Ó ti dáhùn?” Ó ń ṣe mí bíi kí n parọ́ fún un.

Ó dáhùn ṣá. Nínú fídíò tó fi ránṣẹ́, obìnrin náà gbé igi rẹ̀ sókè sí wa, ó sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín. Mo ka ìtumọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi: “Ẹ ṣeun, ọ̀rẹ́ mi. Ooru mú níbí o. Ta ló ń bá yín yan tiyín?”

Ìyá mi yí gààrí rẹ̀ títí kó tó fọhùn. “Sọ fún un pé òun ni.”

Bó ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Obìnrin náà kọ́ “ẹ kú iṣẹ́” pẹ̀lú ahọ́n tó lọ́, ìyá mi sì máa ń tún un gbọ́ lórí fóònù tí mo rà fún un, tó máa ń gbé ka orí àpótí kejì tí ẹnì kankan kò jókòó sí. Ó tilẹ̀ bi mí rí bóyá ọ̀nà Kútọnu ni wọ́n ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wù ú gan-an kí wọ́n fojú rinjú. Kò rí i títí ó fi kú, nígbà òjò.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún obìnrin náà, mo bá dákẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, ohùn kan wọlé sórí fóònù ìyá mi: “Ẹ kú iṣẹ́, Màmá.” Iná ń ta pàrà lẹ́yìn ohùn náà. Mo wo agbada tí a ti dojú rẹ̀ délẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Wọ́n kí ibi iṣẹ́ wa, kò sì sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Mo bẹ aládùúgbò wa fún ẹ̀gẹ́ tó ti fún, mo kù ú, mo dáná. Ti àkọ́kọ́ jóná. Nígbà tí èkejì ń gbẹ bọ̀, mo di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún gààrí, mo ní, “Òo, ẹ ṣeun. Ìyá mi ti kú. Èmi ni mo wà nídìí agbada.”

Wọ́n ní ayélujára ti sọ ayé di kékeré. Kò kéré fún mi rárá. Ká ní ó kéré ni, ǹ bá ti fẹsẹ̀ rìn lọ bá obìnrin yẹn lọ́jọ́ náà, ká jọ sunkún. Èsì rẹ̀ dé. Ó sunkún díẹ̀, ó wá bi mí ní ohun tó bi ìyá mi: ta ló ń bá mi yan án?

Àpótí kejì ṣì wà níbẹ̀. Mo gbé fóònù lé e, mo yí gààrí mi títí, mo wá sọ fún un pé òun ni.