Ọ̀pá Méjì Lórí Òkè Ẹ̀fọ̀n

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mẹ́ta ló para pọ̀ di ọ̀kan: ti Ìjerò, ti Àrámọ̀kọ àti ti Ẹ̀fọ̀n, níbi tí mo ti jẹ́ táímùkípà. Àwọn ọ̀gá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jiyàn lórí ọ̀dà tí wọn yóò fi kun bọ́ọ̀sì. Wọ́n wá yan alága mẹ́ta, kí ìṣọ̀kan náà lè fìdí múlẹ̀.

Òjò ti wó apá kan ọ̀nà lórí òkè Ẹ̀fọ̀n. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, fóònù kì í sì í lọ níbẹ̀. Awakọ̀ tí ọ̀pá bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló ń kọjá. Bó bá dé òdìkejì, á fà á lé táímùkípà ibẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ọ̀gá fi ọ̀pá tuntun kan ránṣẹ́, wọ́n ní ká sọ ti àtijọ́ nù. Mo gbọ́. Mo tọ́jú tèmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀pá tuntun wà nísàlẹ̀ òkè. Bọ́ọ̀sì kan ti kún níwájú mi lókè, ìyàwó mi wà nínú rẹ̀, ó ń lọ ọjà Àrámọ̀kọ.

Sànyà awakọ̀ tẹ fèrè. "Bàbá, ẹ fún wa lọ́pàá!"

"Kò tíì gòkè dé."

"Tiyín àtijọ́ ńkọ́? Àbí ẹ ti fi dáná ni?"

Mo gbé e fún un.

Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ariwo bíréèkì. Mo sáré lọ. Bọ́ọ̀sì méjì dojú kọra wọn ní kọ́nà, táyà Sànyà kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Awakọ̀ méjèèjì na ọ̀pá sókè.

"Ọ̀pá mi rèé! Padà sẹ́yìn!"

"Tèmi kì í ṣe igi ni? Ìwọ ni kó o padà!"

Ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀, ó wò mí. "Bàbá Fúnmi, èwo nínú méjèèjì ló fẹ́ pa mí?"

Ó fẹsẹ̀ rìn padà sí ilé. Mo yá àdá lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan, mo gé ọ̀pá mi sí mẹ́ta.

Àwọn ọ̀gá náà ṣe ìpàdé. Wọ́n dúpẹ́ pé ọ̀dà tuntun kò bó.

Ìyàwó mi ti kú báyìí. Àìsàn ni, kì í ṣe ọ̀pá. Wọ́n ṣì ń bọ̀ wá tún ọ̀nà ṣe.

Lóṣù tó kọjá, ilé-iṣẹ́ Òkè-Ìmẹ̀sí dara pọ̀ mọ́ wa. Alága ti di mẹ́rin. Táímùkípà wọn wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ọ̀pá yín dà?"

Ó gbé e wá. Igi tó dára ni, wọ́n ti fi epo pa á dán. Mo mú àdá lábẹ́ tábìlì, mo gé e sí méjì lójú rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo kí i káàbọ̀.