Moríkẹ́ àti Àwọn Òkú tí Òkun Fẹ́ Kó Lọ

Bí ẹ bá dé Araromi létí òkun, tí ẹ béèrè Moríkẹ́ Olówòkéré, ó lè jẹ́ pé wọn ò ní tètè mọ ẹni tí ẹ ń wí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ìyá Àjíǹde ni ẹ ń wá, kíá ni wọn yóò nawọ́ sí ilé pákó kan tí èéfín ẹja yíyan ti sọ ògiri rẹ̀ di dúdú. Obìnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí nǹkan ń dúró dè níbi tó ń lọ. Kò sí oyè kankan lórí rẹ̀ nínú ìjọ. Kì í ríran, kì í sọ àsọtẹ́lẹ̀. Inú ìbànújẹ́ ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, Kọ́lájọ, apẹja ni, ọmọ apẹja. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tu ọkọ̀ lọ sójú agbami. Atẹ́gùn dé lójijì, ìgbì sì dojú ọkọ̀ wọn dé. Àwọn méjì yòókù di ìdí ọkọ̀ mú títí àwọn apẹja mìíràn fi wá yọ wọ́n. Kọ́lájọ ni wọn ò rí. Wọ́n wá a lọ, wọ́n wá a bọ̀, àwọn ará Awóyè pàápàá gbé ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì jáde láti bá wọn wá a, pàbó ló já sí. Kò sí òkú, kò sí aṣọ, kò sí ohun tí wọn yóò bò mọ́lẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni ìyá Kọ́lájọ, tí wọ́n ń fi orúkọ àkọ́bí rẹ̀ pè ní Màmá Tẹ́ní, gbé jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Òun ló ti ń lé orin nínú ìjọ aláṣọ funfun wọn láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ká aṣọ àdúrà rẹ̀ sínú àpótí, kò sì wọ ilé ìsìn mọ́. Nígbà tí ọdún Àjíǹde kọ́kọ́ dé lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, Moríkẹ́ lọ bá a.

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Àjíǹde ni òní."

"Àjíǹde ta ni?" ni Màmá Tẹ́ní dá a lóhùn. "Ẹni tó ní ibojì ló ń jí. Ọmọ mi tí ẹja ti jẹ, níbo ni yóò ti dìde? Ìyàwó mi, bí o bá mọ̀ ọ́n, sọ fún mi."

Moríkẹ́ kò mọ̀ ọ́n. Omi bọ́ lójú òun náà, ó sì dá gba ilé ìsìn lọ. Nígbà tí wọ́n parí ìsìn, ó lọ bá olórí ìjọ wọn, Àpọ́sítélì Ọlọ́rundáre, ó sì gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ.

Bàbá náà ní kó jókòó. "Moríkẹ́, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo gbà pé òkun yóò dá àwọn òkú inú rẹ̀ padà lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n bí yóò ṣe rí, mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni ti àwọn obìnrin tó jí lọ sí ibojì Jésù. Ṣé o rò pé wọ́n ti gbà pé ó jí kí wọ́n tó lọ? Rárá o. Ìpara olóòórùn dídùn ló wà lọ́wọ́ wọn, òkú ni wọ́n fẹ́ lọ kùn. Wọ́n tilẹ̀ ń bi ara wọn lójú ọ̀nà pé ta ni yóò bá àwọn yí òkúta kúrò lẹ́nu ibojì. Wọn ò rí ìdáhùn. Síbẹ̀, wọ́n ń lọ."

"Kí ló wá ń mú wọn lọ, Bàbá?"

"Ìfẹ́ ni. Iṣẹ́ tó ṣẹ́kù fún ìfẹ́ ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn tó jẹ́ ọkùnrin ti tilẹ̀kùn mọ́rí, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Àwọn obìnrin yìí ló kọ́kọ́ gbọ́ pé ó ti jí, àwọn náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ rán níṣẹ́. Bí o ṣe ń pè mí ní àpọ́sítélì yìí, àwọn ni wọ́n rán sí àwọn àpọ́sítélì."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Moríkẹ́ lára. Láti ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ lọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ láràárọ̀, púpurú gbígbóná tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àti ọbẹ̀ ẹja. Kò wàásù fún un, kò sì dárúkọ ìjọ létí rẹ̀ mọ́. Ó ń bá a di irun, ó ń bá a fọ aṣọ, wọ́n sì jọ ń sọ̀rọ̀ Kọ́lájọ, bó ṣe máa ń sá pamọ́ sínú agbọ̀n ẹja nígbà tó wà ní kékeré, tí yóò jáde tán tí ẹnikẹ́ni ò ní lè sún mọ́ ọn nítorí òórùn ẹja. Nígbà mìíràn, ìyá àgbà a bú sẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn, a kọjú sógiri títí Moríkẹ́ yóò fi palẹ̀ àwo mọ́.

Moríkẹ́ náà padà sídìí òwò ẹja yíyan rẹ̀. Nígbà tí àwọn kan ń sọ pé ó tètè padà sẹ́nu iṣẹ́ jù, ó fèsì pé, "Pétérù pàápàá, nígbà tí ọkàn rẹ̀ dàrú, ṣebí ó ní òun ń lọ pẹja ni. Etí omi náà ni Olúwa ti wá bá a."

Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún. Gift, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Kọ́lájọ fi sílẹ̀, dàgbà, ó lọ ilé ọkọ ní Ìgbókòdá. Òkun sì ń jẹ Araromi díẹ̀díẹ̀. Ó jẹ àwọn igi àgbọn, ó jẹ ojú pópó àtijọ́, ó jẹ ilé onílé. Nígbà tó yá, ó kan itẹ́ òkú ìjọ. Ìgbì ńlá kan ló ya wọ ibẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn pósí ti fọ́ káàkiri, egungun àwọn tí wọ́n ti sin tipẹ́ ń yí gbirigbiri nínú ìfófòó omi.

Àwọn ará ìlú dúró lókè yanrìn, wọ́n káwọ́ lérí. Jọọlá, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé Moríkẹ́, tí wọ́n sì sin ìyá rẹ̀ sí itẹ́ òkú náà, sáré wọlé tọ̀ ọ́ wá, gèlè rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìyá Gift, ìyá mi wà nínú omi! Wọ́n ti kú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún ń kú lẹ́ẹ̀kejì!"

Moríkẹ́ gbé ẹja kalẹ̀. Ó ṣí àpótí, ó mú aṣọ funfun tó ti rà láti fi rán aṣọ àdúrà tuntun, ó sì di Jọọlá lọ́wọ́ mú. Wọ́n wọnú omi títí ó fi kan orúnkún wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń ṣa egungun sínú aṣọ funfun náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ tó ti sùn.

Bàbá Òkìkí, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ, ké láti òkè. "Ẹ jáde níbẹ̀! Ẹni tó bá fọwọ́ kan òkú ti di aláìmọ́. Ẹ ò gbọdọ̀ wọ ilé àdúrà pẹ̀lú ọwọ́ yẹn!"

Moríkẹ́ nàró. Kò pariwo. "Ẹ má bínú, Bàbá. Òkú ni àwọn obìnrin tó jí lọ sí ibojì Jésù náà fẹ́ lọ fọwọ́ kàn. Ká ní wọ́n bẹ̀rù àìmọ́ ni, ta ni ì bá kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn náà?" Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àpọ́sítélì Ọlọ́rundáre wà láàárín àwọn ọkùnrin tó dúró. Ó bọ́ aṣọ àdúrà rẹ̀, ó ká a sórí yanrìn, ó sì fi ṣòkòtò wọ omi lọ bá wọn. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin sì ń gbé aṣọ jáde láti ilé. Nígbà tó pẹ́, Bàbá Òkìkí fúnra rẹ̀ tu ọkọ̀ rẹ̀ dé. Ó ní ẹ̀yìn òun ò ṣeé tẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n òun ṣì lè fi ọkọ̀ kó wọn. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti kó gbogbo èyí tí wọ́n rí lọ sí ilẹ̀ tó le, níbi tó jìnnà sí òkun, wọ́n sin wọ́n pọ̀ sójú kan, wọ́n sì fi orin bò wọ́n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Moríkẹ́ gbé oúnjẹ lọ bó ti máa ń ṣe. Màmá Tẹ́ní ti gbọ́.

"Egungun tí ẹ kó yẹn, ǹjẹ́ ẹ mọ èyí tí í ṣe ti ta ni?"

"A ò mọ̀, ìyá mi. Gbogbo rẹ̀ ti dà pọ̀."

"Ẹ wá sin wọ́n bẹ́ẹ̀?"

"A sin wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run tó dá wọn mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ìyá àgbà wo òkun títí. "Ẹni náà ló dá Kọ́lájọ," ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Bí kò bá ní ṣì wọ́n mú nínú kòtò, kò ní ṣì í mú nínú omi."

Ẹ̀rù ń ba Moríkẹ́ kí ẹnu òun má ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ó kàn bu omi ìfọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọdún Àjíǹde dé, ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn Moríkẹ́ ní ìdájí. Màmá Tẹ́ní ni. Ó ti wọ aṣọ àdúrà rẹ̀, aṣọ náà ti pọ́n nínú àpótí, ó ń rùn káńfọ̀. "Kí lo ṣì ń ṣe nínú ilé? Ilẹ̀ ti ń mọ́ o!" Létí òkun, níbi tí ìjọ pé jọ sí, òun ló lé orin. Ohùn rẹ̀ há, ó fẹ́ já, ó tún gbéra, gbogbo ìjọ sì gbè é. Lẹ́yìn orin, ó di Moríkẹ́ lọ́wọ́ mú níwájú wọn, ó ní, "Ìyá Àjíǹde mi rèé." Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti mọ́ ọn lórí.

Màmá Tẹ́ní ti sùn nínú Olúwa báyìí, ó sì sùn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Moríkẹ́ ò dilẹ̀. Bí òkun bá ti gbé ẹnìkan lọ ní agbègbè yẹn, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Láìpẹ́ yìí, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú Zion Pepe, nítorí ìyàwó ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Beauty, tí wọn ò rí òkú ọkọ rẹ̀. Àwọn èèyàn ti pé, wọ́n ń retí kó gbàdúrà tó lágbára. Ó kúnlẹ̀, ó gbàdúrà ṣókí, ó sì béèrè ibi tí ìkòkò wà.

Beauty tẹ̀ lé e dé ìdí iná. "Màmá, ṣé òótọ́ ni pé yóò jí?"

"Mo gbà á gbọ́, ọmọ mi. Ní ọjọ́ mìíràn, ìgbàgbọ́ mi a le bí òpó ilé. Ní ọjọ́ mìíràn, bí òwú ìránṣọ ló rí, ṣùgbọ́n mi ò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀." Ó nawọ́ àga kékeré kan sí i. "O ò tíì jẹun láti àná. Jókòó tì mí, ká jọ gé ewébẹ̀ yìí."