Bí A Ṣe Kọ́ Ẹ̀rọ Láti Rọra Mu Iná

Ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sharjah, nílẹ̀ Lárúbáwá, kò tóbi. Ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ la máa ń ṣe, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti ní gbọ̀ngàn ìpàdé. Èmi nìkan ni ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni ibi tí iná ti ń wọnú ẹ̀rọ. Ọmọ Íńdíà kan tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi ló ń bójú tó ohùn. Gbogbo wa là ń pè é ní “bhai”, bí àwọn ará Íńdíà ṣe ń pe arákùnrin tàbí ọ̀rẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan já wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó wọ àǹkárá, ó wọ bàtà kánfáàsì sí i, òógùn bò ó lójú. Ó fi èèbó béèrè pé ta ni ẹnjiníà ibí. Bó ṣe sọ ọ́ báyìí, mo ti mọ ibi tó ti wá.

“Ẹ káàárọ̀ mà,” mo ní.

Ó wò mí látòkè délẹ̀. “Háà! Ọmọ wa ni ẹ́! Ìwọ lo ń ṣe nǹkan tó ń pa jẹnẹrétọ̀ mọ́ àwọn kọsítọ́mà mi lọ́wọ́ l'Ékòó?”

Mo fún un ní àga àti omi tútù, ó sì tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Oníṣòwò ni. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Deira ló máa ń dé sí, á ra ọjà ní Naif, á kó o fún àwọn oníkágò. Nígbà tó wá kẹ́yìn, ẹ̀rọ wa ló rà lọ sílé. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ rẹ́ǹtì fún àwọn tó ń ṣèpàdé ló tà á fún. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni wọ́n ń lò. Bí wọ́n bá ti tẹ súìṣì ẹ̀rọ, jẹnẹrétọ̀ á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì kú. Wọ́n ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì títí, kò yanjú. Àdírẹ́sì wa tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ló tẹ̀ lé dé ọ̀dọ̀ wa.

Mo mọ ibi tó ti ń dà á láàmú. Nínú ẹ̀rọ wa, ohun kan wà tí à ń pè ní kọ̀nfátà, òun ló ń yí iná sí irú èyí tí ohùn lè lò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn kàpásítọ̀ ńláńlá wà, wọ́n rí bí àgolo mílíìkì, iná ni wọ́n sì ń tọ́jú pamọ́, kí bàsì, ìyẹn ohùn tó ń lu àyà, má baà rọ nígbà tí orin bá gbóná. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ, òfìfo ni gbogbo wọn, kọ̀nfátà á sì fẹ́ kún wọn lójú ẹsẹ̀. Iná ìjọba Sharjah ò ní mọ̀ ọ́n lára. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lè gbé e.

“Àǹtí,” mo ní, “a máa nílò irú jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń lò yẹn gan-an.”

“Mo ti rà á. Ó wà nínú táksí.”

Mo rò pé àwàdà ni. Nígbà tí mo jáde, mo rí jẹnẹrétọ̀ náà lórí ìjókòó ẹ̀yìn táksí. Dírẹ́bà ti fi bẹ́líìtì dè é bí èrò gidi.

A gbé e wọlé. Ọ̀gá wa, ará Lẹ́bánónì, sáré jáde ní ọ́fíìsì. “No, no! Kì í ṣe nínú ilé! Yalla, ó yá, ìta!” Ẹ̀yìn ilé la lọ, lábẹ́ òjìji ògiri. Mo fa okùn, jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bhai tẹ súìṣì ẹ̀rọ. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó kú.

Àǹtí pàtẹ́wọ́. “Ṣé ẹ rí i! Mi ò parọ́!” Ó dà bíi pé inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni èyí tí gbogbo ẹnjiníà máa ń ṣe. Mo fi rẹsísítọ̀ sẹ́nu ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé, kó dí i lọ́wọ́ díẹ̀, kí súìṣì kékeré kan sì yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ò kú lójú ẹsẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí rẹsísítọ̀ ti kúrò lójú ọ̀nà tí kọ̀nfátà sì jí, àwọn àgolo ẹ̀yìn ṣì ṣófo síbẹ̀, ó fẹ́ kún wọn lẹ́ẹ̀kan náà, jẹnẹrétọ̀ tún dákú.

“Ó kúkú ṣe bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́,” ni Àǹtí wí. “Ẹ máa gbìyànjú. Mo ń padà bọ̀.” Ó wọ táksí lọ sí Naif.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi padà sílé ní Al Nahda lọ́jọ́ náà, mo ń rò ó. Tí mo bá kàn fi òdiwọ̀n kan náà ti iná wọ inú àwọn àgolo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ní tó. Bí wọ́n bá ṣe ń kún sí i, bẹ́ẹ̀ ni iná tí à ń tì wọlé á máa wúwo sí i, ìgbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n kún gan-an ni jẹnẹrétọ̀ á kú. Agbára tí ẹ̀rọ ń fà ló yẹ kí n dè mọ́lẹ̀. Bí àgolo bá ṣe ń kún, kí kọ̀nfátà máa dín ọwọ́ kù, kí ẹrù orí jẹnẹrétọ̀ má yí padà. Inú mi dùn débi pé mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀.

Èmi àti bhai fi ọjọ́ mélòó kan ṣe é. Nígbà tí Àǹtí padà dé, ó gbé móínmóín wá fún gbogbo ilé iṣẹ́. Bhai jẹ tirẹ̀, ó bu ti ọ̀gá wa kún un.

A tún fa okùn jẹnẹrétọ̀. Àǹtí gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ bhai. Bí mo ṣe tẹ súìṣì báyìí, Àǹtí ti gbé orin. Jẹnẹrétọ̀ kérora, ṣùgbọ́n kò kú! A hó yèè. Àmọ́ ohùn tó ń jáde ń há, ó dà bí ohùn ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, iná pupa tó wà níwájú ẹ̀rọ ò sì yí sí àwọ̀ ewé tó ń fi hàn pé àgolo ti kún. A dúró, dúró. Àǹtí ń kọrin lọ ní tirẹ̀.

Ó wá yé mi lójijì. Díẹ̀díẹ̀ tí à ń bù sínú àgolo, orin Àǹtí ló ń mu ún.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná!”

“Èmi ni kí n dákẹ́?”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà! Ẹ jẹ́ kó kún!”

Ó dákẹ́, ó ṣu ẹnu jọ bí ọmọdé tí wọ́n bá wí. Kò pẹ́, iná pupa yí sí àwọ̀ ewé. Mo mi orí sí Àǹtí pé ó yá. Ó gbé orin láti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo àdúgbò. Àwọn mẹkáníìkì ọmọ Pakistan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì jáde pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí orin tí wọn ò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá wa tó ní kí a jáde ń mi èjìká.

Kí Àǹtí tó lọ, mo ti ṣe é kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa ti ohùn pa títí àgolo á fi kún, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ fún akọrin pé kó dákẹ́. Ó kó méjì lọ láti fi dán an wò.

Lẹ́yìn tó délé, ó fi fídíò ránṣẹ́. Ìpàdé àwọn onílé ni, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bàbá kan sì ń sọ̀rọ̀ nípa gọ́tà pẹ̀lú ohùn tó lè jí òkú. Ohùn Àǹtí tẹ̀ lé e.

“Ẹnjiníà, ó ń ṣiṣẹ́ o! Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ní ó ti ń dún jù. Kí la máa ṣe sí ìyẹn?”

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún bhai, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Mo dá Àǹtí lóhùn pé bọ́tìnnì tó ń dín ohùn kù wà níwájú ẹ̀rọ, lápá ọ̀tún.