Gbólóhùn Tí Mo Fi Ti Yàrá Ìwé Pa

Mo rántí òórùn ilé iṣẹ́ epo tó máa ń wọ ilé-ìwé kan lápá Deer Park, nílùú òyìnbó níbí, láàárọ̀. Iṣẹ́ mi nígbà náà ni kí n máa káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé, kí n máa sọ fún àwọn òbí pé ilé ìkàwé ìlú ti kó ìwé àti olùkọ́ tí ń ṣàlàyé iṣẹ́ àṣetiléwá sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ ọ́n sọ. Màá gbé fóònù mi sókè, màá ní: "Kò sí ìwé tí ọmọ yín ń wá tí kò sí nínú èyí." Wọ́n á pàtẹ́wọ́, orí mi á wú bí ẹni pé èmi ni mo kọ gbogbo ìwé ọ̀hún.

Màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí wọ́n ń tọ́jú yàrá ìwé ilé-ìwé yẹn, ló pè mí wá síbẹ̀ láti bá àwọn òbí sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ náà, wọ́n ń fìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ fún un. Wọ́n ní kò tíì mọ̀wé kà, ojú sì ń tì í. Ọ̀dọ̀ àwọn nìkan ló ti ń gbìyànjú. Mo gbọ́, àmọ́ ọkàn mi ti lọ síbi tí wọn yóò ti pàtẹ́wọ́ fún mi.

Bí mo ṣe ń bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, ọ̀gá ilé-ìwé jókòó síwájú, ó ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Inú mi dùn, òmùgọ̀ èmi. Kí ọdún ẹ̀kọ́ náà tó parí, ó ti kó àwọn ìwé kúrò, ó ti yàrá náà pa, ó sì yọ màmá níṣẹ́. Gbólóhùn mi wà nínú lẹ́tà tó kọ sí àwọn òbí, bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́.

Mo lọ kúnlẹ̀ bẹ màmá nílé wọn. Wọ́n ní kí n dìde, àwọn ò bínú. Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú mi, wọ́n wá ní: "Ọmọ yẹn ńkọ́? Online tó o sọ yẹn, ta ló máa jókòó tì í níbẹ̀?"

Mo fi oúnjẹ náà sílẹ̀, mo dágbére.

Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà, torí ó wúlò fún ẹni tó mọ̀wé kà, àmọ́ n kì í gbé fóònù sókè mọ́. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin yẹn kọjá níbi tábìlì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ náà nínú mall kan. Ó ti ga jù mí lọ. Mo na ìwé ìléwọ́ kan sí i. Ó wò ó díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e fún àbúrò rẹ̀ pé kó kà á fún òun. N ò tíì lè sọ fún màmá.