Ọ̀mọ̀wé Tó Wá Pín Ayé fún Wa ní Ìkirè

Bí o bá gba ọ̀nà Ìbàdàn wọ Ìkirè lọ́sàn-án, òórùn dòdò tí wọ́n ń dín nínú epo pupa ni yóò kọ́kọ́ kí ọ, ata inú rẹ̀ á sì máa ta ọ́ nímú kí o tó rí ẹni tó ń tà á. Òórùn yẹn ló máa ń gbé ọ̀mọ̀wé kan wá sọ́kàn mi. Dòdò ló ń jẹ nígbà tó wọ inú gbọ̀ngàn tí a ti ń dúró dè é láti àárọ̀. Ó jẹ ẹ́ tán lójú gbogbo wa, ó fa áńkáṣíìfù funfun yọ, ó sì ń nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé ìlú ló ni ìka náà. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè kórìíra bí ẹlòmíràn ṣe ń nu ìka.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ nígbà yẹn, mo sì wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Àpòmù. Jiọ́lọ́jì ni mo kà ní yunifásítì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta. Lọ́dún tí mo fẹ́ jáde, olùkọ́ wa kan gbé ègé òkúta kan tó já láti ojú ọ̀run sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó ní kí n wò ó. Àwọ̀ tí mo rí níbẹ̀, aró, osùn, àti pupa rúsúrúsú kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní, kò kúrò lójú mi mọ́. Mo ti fi òòlù fọ́ òkúta kiri gbogbo oko Ìkirè-Ilé nítorí iṣẹ́ àṣekágbá mi, mo sì fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé òkúta òṣùpá àti ti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ fi ayé mi kọ́. Ọ̀nà tó wà níwájú ẹni tó bá ka jiọ́lọ́jì kò kéré. Èèyàn lè ṣe másítà nílé lórí wíwa kùsà, ó lè lọ sókè òkun lọ kọ́ nípa epo rọ̀bì, ó lè yan omi abẹ́ ilẹ̀. Ó sì tún lè wá olùkọ́ tí ìwádìí rẹ̀ bá tirẹ̀ mu, kí ó bẹ̀ ẹ́ kó gbà á sọ́dọ̀ fún ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mò ń lé.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Ìkirè, kò fara mọ́ ọn. Dádì Ìkirè kò ka ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kì í dájọ́ lé lórí, láti orí oògùn ibà dé orí ọ̀rọ̀ ààrẹ ilẹ̀ ibòmíràn. Òun ló gbọ́ pé ọ̀mọ̀wé kan tó ti òkè òkun dé, tó kàwé nípa ilẹ̀, ń bọ̀ wá gba àwọn tó ti jáde yunifásítì nímọ̀ràn ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó ní kí ìyá mi mú mi wá. Ọmọ kíláàsì mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìkirè wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa. Omi abẹ́ ilẹ̀ ni tirẹ̀. Gbogbo ọyẹ́ ni kànga àdúgbò wọn máa ń gbẹ, ó sì fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Olùkọ́ wa kan ti gbà láti máa tọ́ ọ sọ́nà fún másítà.

Ọ̀mọ̀wé náà ń gba imú sọ òyìnbó. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló wà nínú ilẹ̀ tó yẹ kí ọlọ́gbọ́n kà nípa rẹ̀, epo rọ̀bì ni. Ó ní omi abẹ́ ilẹ̀, iṣẹ́ agbẹ́kànga ni. Àwọn obìnrin, ó ní kí wọ́n lọ kọ́ nípa àyíká, nítorí pé obìnrin fẹ́ràn ìmọ́tótó. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, tí wọ́n mọ̀wé mọ̀rọ̀, ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ohun tí ọmọ ọdún kìíní ní yunifásítì kò gbọdọ̀ gbà gbọ́. Ọmọ kíláàsì mi tẹ̀ sí mi létí, ó ní, “Irọ́ ló ń pa.” Lẹ́yìn náà lòun náà pàtẹ́wọ́.

Mo nawọ́, mo sì bi í nípa ẹ̀kọ́ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná, ó ní ṣé ìràwọ̀ wíwò ni mo fẹ́ lọ kọ́ ni. Ó ní eérú lásán ló wà lórí òṣùpá, kò sí òkúta kan níbẹ̀ tó jọ ti ayé. Mo sọ fún un pé dúdú tí à ń rí lójú òṣùpá láti àgbàlá ilé wa, òkúta tó ti yọ́ rí ni, tó ṣàn bí ẹ̀kọ gbígbóná kó tó dì, irú rẹ̀ sì pọ̀ láyé níbí. Ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo wá bi í pé apá wo nínú ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ni òun gan-an ṣe ìwádìí lé lórí. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì le. Ó ní ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í fi ìbéèrè wọ́ àgbà nílẹ̀, kí ẹlòmíràn bèèrè tirẹ̀.

Dádì Ìkirè fà mí láṣọ. “Jókòó. Ẹni tó ti dé ọ̀hún ló ń bá ọ sọ̀rọ̀.”

Ó yíjú sí ọ̀mọ̀wé náà, ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Kò mọ ohun tó ń sọ ni.”

Dádì wá wò mí bí ẹni pé mo tọ̀ sórí pẹpẹ.

A padà sí Àpòmù. Ìyá mi kírun tán, ó ká ẹní rẹ̀, ó pè mí. Ó bi mí bóyá ohun tí mo sọ nípa òṣùpá dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú, pé àwọn èèyàn ti débẹ̀ rí, wọ́n sì ti kó òkúta rẹ̀ wálé.

“Èmi náà ń wo ojú ọkùnrin yẹn,” ló wí. “Ẹni tó mọ nǹkan kì í bínú tí wọ́n bá bi í. Kọ̀wé sí àwọn tó mọ̀ ọ́n.”

Lọ́jọ́ kejì, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ó yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ mi. Dádì Ìkirè kò yà sílé wa mọ́ títí ọdún Iléyá fi dé, ẹran ló sì mú un wá. Mo kọ̀wé síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ kò dáhùn, àwọn kan dá mi lóhùn tìwà-pẹ̀lẹ́-tìwà-pẹ̀lẹ́ pé kò sí àyè, ẹnì kan gbà mí sọ́dọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ bí wọ́n ṣe ń wá ìwé ìwádìí tí èèyàn kọ kó tó gboyè. Mo wá ti ọ̀mọ̀wé wa. Bí wọ́n ṣe ń darí ilé ìtura ló kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lé lórí.

Ọmọ kíláàsì mi tẹ̀lé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó kọ àyè tí olùkọ́ wa fún un, ó lọ sókè òkun lọ kọ́ nípa epo, iṣẹ́ tó sì ń ṣe lónìí kò kan epo, kò kan ilẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ ọkùnrin náà láìdáa. Ó ní kò sóhun tó burú níbẹ̀, pé ẹnu rẹ̀ dùn. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, mo máa ń wá nǹkan mìíràn wò. Òpùrọ́ ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Ẹni tó mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì kó ẹ̀mí rẹ̀ lé e lọ́wọ́, òun ni n kò rí ọ̀rọ̀ sọ fún.

Nígbà tí mo wálé lẹ́nu àìpẹ́ yìí, Dádì Ìkirè fúnra rẹ̀ ló fà mí dé iwájú àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. “Ọ̀mọ̀wé wa” ló ń pè mí báyìí. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní òun fẹ́ kọ́ nípa epo, ibo ló dára jù. Mo sọ fún un pé n kò mọ̀, pé ẹ̀kọ́ tèmi kò débẹ̀, mo sì sọ irú ẹni tó lè lọ bi. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Bí a ṣe ń jáde, inú Dádì kò dùn rárá. Ó ní mo dójú ti òun, pé ẹni ńlá kì í sọ pé òun kò mọ̀, ó yẹ kí n ṣáà sọ nǹkan.

Mo kí Dádì, mo sì bá ọ̀nà tèmi lọ. Gbogbo ohun tí ọkùnrin ọjọ́sí ṣe fún wa náà nìyẹn: ó ṣáà sọ nǹkan.